Lẹ́ǹtì Tí Reverend Dùnsìn Wà Lọ́dọ̀ Wa

Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù kìíní

Bíṣọ́ọ̀bù ti là á mọ́lẹ̀ lónìí. Bí orúkọ àlùfáà tuntun kò bá tíì tẹ òun lọ́wọ́ kó tó di ọjọ́ Àjíǹde, ṣọ́ọ̀ṣì wa, St. Oswin, yóò darapọ̀ mọ́ ìjọ míràn láàárín ìlú, wọn yóò sì ta ilé náà. Ó ń kà á jáde nínú ìwé bí ẹni ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí. Àwa mẹ́tàlélógún la wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Margaret, òyìnbó àgbà tó ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge, ṣí báàgì rẹ̀, ó ń wá áńkáṣífù.

Èmi ni wọ́dìn ìjọ. Èmi náà ni alága ìgbìmọ̀ tó ń wá àlùfáà, nítorí pé lọ́jọ́ tí wọ́n yan alága, inú kíṣìnì ni mo wà tí mò ń po tíì. Oṣù mẹ́rìnlá rèé tí àlùfáà wa àtijọ́ ti fẹ̀yìn tì. Ẹni méjì péré ló ti bèèrè iṣẹ́ náà láti ìgbà yẹn. Ọ̀kan bá ìyàwó rẹ̀ lọ sí Vancouver, ìkejì wo òtútù wa lórí fóònù rẹ̀, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni wọ́n gbé òkú Bàbá Dámi, ọkọ mi, wọ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí ibojì. Mi ò ní ibòmíràn tí mo lè lọ jókòó kí n sọ pé ibí ni mo ti rí i gbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di gym, tí mo ń wakọ̀ kọjá tí mo ń wo àwọn èèyàn tí ń sáré lórí ẹ̀rọ, mo lè ṣe ohun tí wọ́n á fi pe ọlọ́pàá sí mi.

Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù kìíní

Ìwọ̀n òtútù, mọ́kànlélọ́gbọ̀n nísàlẹ̀ òdo. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà basement, ìyẹn yàrá ìsàlẹ̀ ilé mi, lọ bi Dóyin ayálégbé mi bóyá ibẹ̀ móoru tó. Láti oṣù kẹwàá ló ti háyà á. Nọ́ọ̀sì ni ní ọsibítù ńlá tó wà lọ́nà Cranston, ìyẹn ni pé láti Saddle Ridge níbí, ó ń la gbogbo Calgary já kó tó débi iṣẹ́. Ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ìgbéraga ni.

Kì í ṣe ìgbéraga. Ó sọ fún mi lónìí pé àlùfáà ni bàbá òun ní Ilé-Olúji, pé ó kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn nígbà tí òun wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Saudi, àwọn ọ̀gá òun kò sì jẹ́ kí òun lọ sílé. Ó ní, "Nínú àwa ọmọ márùn-ún, èmi nìkan ni mi ò rí òkú rẹ̀, Mọ́mì. Títí di òní, mo ṣì ń rò pé wọ́n ń parọ́ fún mi." Mo fún un ní ọbẹ̀ ẹ̀gúsí.

Ó ní òun fẹ́ máa bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bí wọ́n bá fún òun ní àyè lọ́jọ́ Sunday. Mo ní kó máa bọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù kìíní

Adégbénga pè mí láti ibi iṣẹ́. Òun ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ wa, àdúgbò Redstone ló ń gbé, kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ rẹ̀, kì í sì í pè mí lọ́sàn-án bí kò bá sí nǹkan. Ẹnì kan ti kọ̀wé. Reverend Ezra Dùnsìn, láti abúlé kan ní Saskatchewan. Ọmọ Yorùbá, ó gbọ́ èdè méjèèjì, ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

"Mummy, this man is too correct," Adégbénga wí. "E be like say dem print am for us."

Mo ní kó má dán Ọlọ́run wò.

Ọjọ́ Àìkú, 25 oṣù kìíní

A fi Zoom bá Reverend Dùnsìn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn. Àwòrán rẹ̀ kò hàn, ó ní kámẹ́rà òun kì í ṣiṣẹ́. Ohùn nìkan la gbọ́, ohùn ìsàlẹ̀ tó rọra ń bọ̀, tí ó mú kí Margaret ṣíwọ́ ìsọkúsọ. A bi í pé kí ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ó ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti ẹni tó ń kú lọ, pé òun kì í yára dìde.

Wákàtí kan la fi bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó parí, kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ sílé.

Ọjọ́ Ẹtì, 30 oṣù kìíní

Mo pe àwọn ìjọ tó ti sìn rí, bí òfin ti wí. Èkíní wà ní Manitoba. Obìnrin tó gbé fóònù ní àlùfáà tó dára jù lọ tí àwọn ní rí ni. Mo ní kí ló dé tó fi kúrò. Ó ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni àwọn dé ilé rẹ̀, kẹ́tùlù ṣì ń hó lórí iná, kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì, kò sì sí níbẹ̀. Ṣé ó dágbére fún ẹnikẹ́ni? Rárá.

Ìkejì, ní Saskatchewan, ọ̀rọ̀ kan náà. Ọkùnrin tó gbé fóònù níbẹ̀ tún fi kún un pé ọ̀sẹ̀ tí dókítà tuntun kan dé abúlé àwọn láti Nàìjíríà ló lọ, ó sì dun àwọn, nítorí àwọn rò pé wọn ì bá di ọ̀rẹ́.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìgbìmọ̀ pé àwọn ìjọ méjèèjì yìn ín gidigidi. Òótọ́ ni mo kọ. Mi ò kọ ti kẹ́tùlù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 oṣù kejì

Ó wá fún ìbẹ̀wò. Ọgọ́ta ọdún ó lé, gíga, àpá kékeré lókè ojú òsì. Kò wọ ju kóòtù dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lọ nínú òtútù tó mú ìwọ̀n mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nísàlẹ̀ òdo. A dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, à ń kí ara wa. Èéfín ń yọ lẹ́nu Adégbénga, ó ń yọ lẹ́nu Margaret, ó ń yọ lẹ́nu tèmi tí mò ń sọ̀rọ̀ jù. Ẹnu Reverend Dùnsìn ń ṣí, ó ń pa dé, kò sí nǹkan kan tó ń yọ níbẹ̀.

Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọwọ́ náà tutù, àmọ́ ta ni ọwọ́ rẹ̀ kì í tutù nílùú yìí.

Ó bẹ̀ wá kí a má ya òun ní fọ́tò sórí website. Gbogbo wa dìbò lórí yíyàn án, kò sẹ́ni tó kọ̀ ọ́. Bíṣọ́ọ̀bù ní kó wá di iṣẹ́ náà mú fún wa jálẹ̀ Lẹ́ǹtì, kí ìwé tó parí, lẹ́yìn náà kí a fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ kó tó di Àjíǹde.

Ọjọ́rú, 18 oṣù kejì. Ọjọ́rú Eérú

Ìsìn rẹ̀ àkọ́kọ́. Èèyàn mọ́kànlélógójì. Ó fi eérú sàmì sí mi níwájú orí, ó sì wí pé erùpẹ̀ ni mí, bíi pé ó ń sọ ìròyìn nípa ẹbí fún mi.

Iná tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ vestry, yàrá tí àlùfáà ti ń wọ ẹ̀wù, máa ń tàn fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá ti kọjá. Ọdún tó kọjá la fi í síbẹ̀ kí iná mànàmáná má baà máa jó lásán. Lónìí mo dúró ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rí i tí Reverend ń bọ̀ láti ìkejì. Ó rìn gbogbo ọ̀nà náà nínú òkùnkùn, kò yára, kò fi ọwọ́ wá ògiri. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ mi tí mo gbé ẹsẹ̀ ni iná tàn.

Adégbénga ní bátìrì rẹ̀ ni, òun yóò pààrọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù kejì

Ẹ̀rọ amúlémóoru kú láàárọ̀. Mo kan ilẹ̀kùn Dóyin, mo ní kí n wọlé wò ó. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àwọn àpótí rẹ̀ tó kẹ́yìn dé láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó sì ti fi ìwé ètò ìsìnkú bàbá rẹ̀ kọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Venerable Titus Ọládipọ̀. Fọ́tò rẹ̀ wà níbẹ̀, àpá kékeré lókè ojú òsì.

Mo wò ó títí Dóyin fi bi mí pé ṣé mo mọ̀ ọ́n ni.

Mo ní rárá. Mo ní ọkùnrin arẹwà ni.

Mo gòkè wá sí kíṣìnì, mo jókòó sí àga. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìkàrẹ́, ìyá mi àgbà máa ń sọ̀rọ̀ àkúdàáyà fún wa: ẹni tó ti kú tí ó sì lọ ń gbé ìlú míràn tí ojú kò ti mọ̀ ọ́n, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń kí aládùúgbò, títí ará ilé rẹ̀ kan yóò fi rí i. Lọ́jọ́ náà ni yóò lọ. Mo máa ń bi í pé ìlú wo ni wọ́n máa ń lọ. Á ní ibi tó jìn gan-an.

Ibí jìn.

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù kẹta

Dóyin gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó ti wọṣọ ní aago mẹ́jọ, ó ní ṣé kí òun máa wa mọ́tò tẹ̀lé mi. Mo ní òtútù ti mú páìpù ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́, kò ní sí ìsìn. Mo júwe ìjọ míràn kan fún un lẹ́bàá ibùdó train, mo ní wọ́n máa ń kọrin dáadáa.

Mo wá lọ sí ìsìn tí mo ní kò sí. Mo gba Oúnjẹ Olúwa lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Mo jẹ ẹ́, mo mu ún, àrá kò sán pa mí.

Mi ò ṣe é nítorí pé mo burú. Bí Dóyin bá rí i, Reverend yóò lọ. Bí ó bá lọ, ṣọ́ọ̀ṣì parí. Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀, mi ò rí ọ̀nà kẹta.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù kẹta

Yìnyín yọ́ pátápátá, afẹ́fẹ́ gbígbóná láti orí òkè. Orí ń fọ́ mi. Iṣu kan, dọ́là méjìdínlógún, inú rẹ̀ sì ti dúdú.

Dóyin fi páálí kékeré kan sí abẹ́ ilẹ̀kùn mi. Ọdún bàbá rẹ̀ pé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní bí òun kò tilẹ̀ lè wá, kí n jọ̀ọ́ bá òun fi orúkọ rẹ̀ sáàárín àwọn òkú tí wọ́n máa ń dárúkọ nínú àdúrà.

Ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù kẹta

Ó yẹ kí n ya páálí náà. Mi ò lè ya á. Ọwọ́ ọmọ náà ló fi kọ ọ́, lẹ́tà ńlá ńlá kí ẹni tó máa kà á má baà ṣì í pè. Mo fi í sáàárín àwọn tó kù, mo sì jókòó.

Reverend Dùnsìn ń ka orúkọ àwọn òkú. Ó ka bàbá Margaret, ó ka àna Adégbénga, ó ka Bàbá Dámi. Ó wá gbé páálí yẹn. Ó wí pé, "Titus," kò sì wí ohun tó tẹ̀ lé e. Ó dákẹ́ pẹ́ débi pé ọmọ kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Nígbà tó padà kà á, ó kà á tán pátá, "Titus Ọládipọ̀," ó sì fi kún un pé kí ìmọ́lẹ̀ tí kì í ṣá máa tàn sí i lára. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi náà ṣe é.

Ó dá mi dúró ní vestry. Páálí náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mama Dámi, ibo ni ẹ ti rí ẹni tó kọ èyí?"

Mo ní basement mi ló ń gbé.

Ó wá àga, ó jókòó. Ó bi mí bóyá ọmọ náà ń jẹun. Ó bi mí bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì máa ń wú bí ó bá dúró pẹ́. Mo dá a lóhùn ohun tí mo mọ̀, mi ò sì lè wo ojú rẹ̀.

"Ẹ ti mọ̀ láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù tó kọjá, sà."

Ó mi orí. Kò bínú, ì bá sàn bí ó bá bínú. Ó ní òun kò lè tọ̀ ọ́ lọ, kò sí nínú agbára òun, ẹni tó wà láàyè ló gbọ́dọ̀ wá. Ó ní bí ó bá wá, òun kò ní lè dúró. Bí kò bá wá, òun yóò sin ìjọ yìí títí èmi náà yóò fi darúgbó, òun ni yóò sì sin òkú mi. "Ọwọ́ yín ló wà," ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ pẹpẹ.

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù kẹta

Mi ò sọ fún un.

Ọjọ́ Àìkú, 22 oṣù kẹta

Ọgọ́ta ó lé kan! Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ìdílé tuntun wá láti Redstone, àwọn ọmọ ń sáré kiri láàárín àga. Margaret gbá mi mọ́ra, ó ní mo ti gba ilé náà là. Bíṣọ́ọ̀bù fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé inú òun dùn, ó ku kí n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kí n dá a padà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú Àjíǹde, kò gbọdọ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀.

Reverend wàásù nípa Lásárù. Ó ní kò sí ẹni tó ṣàkọsílẹ̀ ohun tí Lásárù sọ lẹ́yìn tó jáde, àti pé òun rò pé ẹbí rẹ̀ ló kọ́kọ́ bèèrè. Ó ń wò mí. Mo ṣí ìwé orin.

Mo sọ fún Dóyin pé páìpù tún ti bẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù kẹrin

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni Dóyin ti ibi iṣẹ́ dé. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn tèmi, kóòtù àti bàtà rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, snow ń yọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá arúgbó kan ló kú sí i lọ́wọ́ lóru, òyìnbó, àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ òfúrufú. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí tó fi lọ.

"Mo ti ń kà á, Mọ́mì," ó wí. "Ogójì àti méjì. Bàbá olóbàbá méjìlélógójì ni mo ti di ọwọ́ wọn mú. Tèmi nìkan ni mi ò dì mú."

Ojú rẹ̀ gbẹ. Ìyẹn ló pa mí.

Mo po tíì fún un. Mo gba kóòtù rẹ̀, mo fi kọ́. Mo ní kó lọ sùn. Mo wá jókòó níbi tó jókòó sí, lórí omi náà, mo sì kórìíra ara mi bí mi ò ṣe kórìíra ẹnikẹ́ni rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 oṣù kẹrin

Fọ́ọ̀mù náà wà lórí tábìlì, mo ti kọ orúkọ mi sí i, ó ku ọjọ́. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, mo pe Reverend Dùnsìn.

Mo ní, "Sà, à ń bọ̀."

Kò bi mí pé ta ni. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Mama Dámi. Ẹ jẹ́ kó wọ swẹ́tà o, vestry tutù."

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jí Dóyin, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní ìdúró. Ọjọ́ tí mo mọ̀, irọ́ páìpù, páálí, gbogbo rẹ̀. Mo rò pé yóò pariwo mọ́ mi tàbí kó ní mo ti ya wèrè. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó ní, "Mo sọ fún yín pé wọ́n ń parọ́ fún mi." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà.

Mo fi mọ́tò gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wọlé láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, èmi dúró síta, mo tan mọ́tò sílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo yí fèrèsé sílẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹni méjì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí àwọn ọmọ Oǹdó ti máa ń sọ̀rọ̀ bí inú wọn bá dùn. Mo gbọ́ ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà wọ́n ń kọrin, ohùn ìsàlẹ̀ kan àti ohùn òkè kan, orin tí wọ́n fi ń dágbére fún ọjọ́ tó ń lọ. Wọ́n kọ ẹsẹ kìíní pọ̀. Wọ́n kọ ẹsẹ kejì pọ̀. Ní àárín ẹsẹ kẹta, ohùn kan ṣoṣo ló kù, kò sì dúró, ó kọ ọ́ parí.

Mo wọlé. Dóyin jókòó nílẹ̀ lẹ́bàá kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì, tíì ń yọ èéfín nínú ife. Mo dúró, mi ò mọ̀ bóyá mo lè fọwọ́ kàn án.

Òun ló na ọwọ́ sí mi. Ó ní, "Mo dì í mú, Mọ́mì. Ó wúwo. Mi ò rò pé yóò wúwo."

Ọjọ́ Àìkú, 5 oṣù kẹrin. Àjíǹde

Èmi ni mo ka àdúrà òwúrọ̀, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn. Èèyàn márùndínláàádọ́rin, gbogbo wọn ń wo ilẹ̀kùn vestry. Mo sọ fún wọn pé Reverend ti lọ. Margaret bi mí bóyá kẹ́tùlù ṣì ń hó. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ó ti ń ṣe òun bíi pé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe lọ.

Dóyin jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kẹrin

Mo dá fọ́ọ̀mù padà sọ́dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù láìsí orúkọ kankan nínú rẹ̀. Àyè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní kí a ti sọ ìdí tí ẹni tí a yàn fi yọwọ́. Mo ro ó fún wákàtí kan. Mo kọ ọ́ pé: "Family reasons."

Ó pè mí lọ́sàn-án. Ó kẹ́dùn, mo gbà pé tọkàntọkàn ni. Ìsìn ìkẹyìn yóò wáyé ní Pẹ́ńtíkọ́sì, lẹ́yìn náà wọn yóò ti ilé náà pa. Ó bèèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bóyá mo tilẹ̀ gbìyànjú láti dá ọkùnrin náà dúró.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko.